Òkété àti Lékeléke: Àfiwé Ẹranko Inú Ihò àti Ẹyẹ Etí Omi fún Ìlò Olùkọ́

Ìfáàrà

Nínú àwọn ẹ̀dá tí ọmọ Yorùbá máa ń dá mọ̀ kí ó tó mọ ìwé kà, òkété àti lékeléke kò gbẹ́yìn. Ọmọ tí wọ́n tọ́ ní ìgbèríko á ti rí òkété ní ọwọ́ ọdẹ, tàbí èyí tí wọ́n ti yan gbẹ lórí àtẹ àwọn tó ń ta ẹran ìgbẹ́ létí títì. Bákan náà ni yóò ti na ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sókè sí ọ̀wọ́ lékeléke tó ń fò kọjá lọ, tí yóò máa bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fún òun ní èékánná funfun. Síbẹ̀, nígbà tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá dé yàrá ìkàwé, tí olùkọ́ sì fẹ́ fi ẹranko afọ́mọlọ́mú wé ẹyẹ, ajá àti adìẹ ló máa ń wà lójú pátákó. Olùkọ́ á fa ìlà sí àárín: ọ̀kan ní irun, èkejì ní ìyẹ́, ọ̀kan ń bímọ, èkejì ń yé ẹyin. Kò sí irọ́ nínú rẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé kò sọ ìdí kankan, akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ́ ọ sórí, yóò dà á sílẹ̀ nínú ìdánwò, ó sì parí síbẹ̀.

Àfiwé tó ní èrè ni èyí tó bá bi ẹ̀dá méjì ní ìbéèrè kan náà, tó sì gbọ́ ìdáhùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí gbé ka iwájú òkété àti lékeléke ni pé: kí ni ẹ̀dá ń ṣe nígbà tí oòrùn bá mú, tí oúnjẹ bá wọ́n, tí ọ̀tá sì pọ̀? Ilẹ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbé, ẹ̀ẹ̀rùn kan náà ló ń bá wọn. Ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i ló yàtọ̀.

Ipò wọn láàárín àwọn ẹ̀dá

Ẹbí eku ni òkété. Ẹ̀yà tó wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ ọ̀dàn ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní Cricetomys gambianus. Ìbátan rẹ̀ tó ń gbé inú igbó kìjikìji ni Cricetomys emini. Láti imú dé ṣóńṣó ìrù, òkété tó ti dàgbà lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 80, ìrù nìkan sì máa ń kó nǹkan bí ìdajì rẹ̀. Ìwúwo rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín kílógíráàmù kan sí kílógíráàmù kan àbọ̀. Apá ìparí ìrù náà funfun, èyí sì ni ọ̀nà tó yá jù láti dá a mọ̀. Eyín iwájú rẹ̀ kì í ṣíwọ́ dídàgbà títí ó fi kú, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ máa fi họ nǹkan líle kí ó má baà gùn kọjá ààlà.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òwe yìí kì í ṣe àkọsílẹ̀ ohun tí ọdẹ fojú rí nínú ihò. Ọ̀rọ̀ ojúṣe ọmọ sí òbí ni. Ṣùgbọ́n olùkọ́ sáyẹ́ǹsì tó bá tìtorí èyí fò ó dá ti sọ ohun iyebíye nù. Àwọn tó ṣẹ̀dá òwe náà kò jẹ́ sọ ọ́ nípa ẹyẹ tàbí alángbá, nítorí wọ́n mọ̀ dájú pé òkété ní ọmú, ó sì ń fi bọ́ ọmọ rẹ̀. Ìpínsísọ̀rí tí ìwé ń pè ní ti ẹranko afọ́mọlọ́mú ti wà nínú òwe náà kí ìwé tó dé.

Ní ti lékeléke, ẹbí àwọn ẹyẹ ọlọ́rùn gígùn, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn ni, àwọn tó ń rìn nínú omi tí kò jìn, tí wọ́n ń ṣọ́ ẹja àti ọ̀pọ̀lọ́. Ẹyẹ funfun tó ju ẹyọ kan lọ ni àwọn ènìyàn ń fi orúkọ yìí pè. Èyí tí iṣẹ́ yìí ń sọ ni èyí tó kúrú díẹ̀, tí àgógó rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ìyeyè, tó sì máa ń tẹ̀lé màlúù. Bubulcus ibis ni ọ̀pọ̀ ìwé mọ̀ ọ́n sí. Gíga rẹ̀ kò ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 50 lọ, ìwúwo rẹ̀ sì wà láàárín gíráàmù 300 sí 500. Èyí ni pé lékeléke mẹ́ta ni a lè kó jọ kí ó tó wọn òkété kan, bẹ́ẹ̀ bí lékeléke bá na ìyẹ́ apá rẹ̀ méjèèjì, fífẹ̀ rẹ̀ á lé ní sẹ̀ǹtímítà 85. Ìmọ́lẹ̀ ara jẹ́ ara owó tí ẹyẹ ń san fún fífò.

Ọrùn wọn tọ́ sí àkíyèsí pàtàkì. Òkété kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ọrùn lójú ẹni tó ń wò ó, síbẹ̀ egungun ọrùn méje ló ní, iye kan náà tí ènìyàn ní, iye kan náà tí àgùnfọn pẹ̀lú gígùn ọrùn rẹ̀ ní. Ti lékeléke tó nǹkan bí 20. Ọ̀kan nínú wọn gùn ju àwọn yòókù lọ, òun ló sì jẹ́ kí ọrùn náà ká kò bí ejò tó fẹ́ ṣán nǹkan. Lékeléke á ká ọrùn kò, á dúró jẹ́ẹ́, á sì jù ú síwájú lójijì bí ìgbà tí okùn tàkúté bá já. Bó bá ń fò, á tún ká a mọ́ àyà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá mọ èyí lè dá ẹbí lékeléke mọ̀ lójú ọ̀run láìsúnmọ́ wọn, nítorí ọ̀pọ̀ ẹyẹ ọlọ́rùn gígùn mìíràn ni í na ọrùn tọ́ọ́ bí wọ́n bá ń fò.

Ó yẹ kí olùkọ́ béèrè ìdí tí ẹyẹ tí a fi ẹsẹ̀ àti ọrùn omi dá fi wá fi omi sílẹ̀, tó ń rìn nínú koríko lẹ́yìn màlúù. Ìdáhùn rẹ̀ kò jìnnà. Koríko tó ga dé orúnkún ẹyẹ kò yàtọ̀ púpọ̀ sí omi tó mù ún dé orúnkún: ohun tó ń sá pamọ́ wà nísàlẹ̀, ẹni tó ga tó sì ní sùúrù ni yóò mú un. Lékeléke kò kọ odò sílẹ̀ pátápátá, ó ṣì máa ń wà ní irà àti oko ìrẹsì.

Ilé òkété

Ara òkété kò lè gba ooru púpọ̀. Bí oòrùn bá bá a níta fún ìgbà pípẹ́, ó lè kú. Ìdí nìyí tí ihò rẹ̀ fi ju ibi ìsápamọ́ lásán lọ. Bí òkè ilẹ̀ ṣe ń jó bí iná ní oṣù kejì ọdún, inú ihò náà tutù, ó sì ní ọ̀rinrin, nítorí pé ooru ọ̀sán kì í tètè wọ ilẹ̀ jìnnà. Ihò náà sábà máa ń ní ẹnu ọ̀nà tó ju ẹyọ kan lọ, ó sì ní yàrá nínú: ibi tó ń sùn sí yàtọ̀ sí ibi tó ń kó oúnjẹ sí. Ní ọ̀sán, òkété lè fi ewé tàbí erùpẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà láti inú. Àgbà òkété kan ṣoṣo ló sábà máa ń gbé ihò kan, àfi ìyá pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀.

Àwọn ọdẹ mọ gbogbo èyí. Wọ́n mọ̀ pé erùpẹ̀ tuntun lẹ́nu ihò túmọ̀ sí pé onílé wà nílé, wọ́n sì mọ̀ pé ẹni tó bá gbẹ́ ẹnu ihò kan láìdí ìyókù ń ṣe iṣẹ́ àṣedànù. Wọ́n tún mọ ohun tó yẹ kí gbogbo ọmọ iléèwé gbọ́, pé ejò fẹ́ràn ihò tí òkété ti fi sílẹ̀, nítorí náà kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ ti ọwọ́ òfìfo bọ inú rẹ̀.

Ẹni tó ń gbé inú òkùnkùn, tó sì ń jáde lóru, kò fi ojú ṣe nǹkan púpọ̀. Ojú òkété kò ríran dáadáa, imú àti etí ló fi ń gbé ayé. Imú yìí ni àwọn ènìyàn ti wá sọ di irinṣẹ́. Ní Tanzania, ní Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ Sokoine tó wà ní ìlú Morogoro, àjọ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ APOPO ń kọ́ ìbátan òkété, Cricetomys ansorgei, láti gbóòórùn àdó olóró tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ nígbà ogun, àti láti gbóòórùn àrùn ikọ́ ẹ̀gbẹ nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ aláìsàn. Ọ̀kan nínú wọn, Magawa, tó ṣiṣẹ́ ní Cambodia, gba àmì ẹ̀yẹ wúrà ní ọdún 2020 lọ́wọ́ àjọ PDSA ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àdó inú ilẹ̀ tó rí lé ní 70. Ẹranko náà fúyẹ́ débi pé àdó kò lè bú lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó kú ní ọdún 2022.

Lékeléke kò ní ilé ní ìtumọ̀ yìí. Ní ojú oòrùn gangan ló ń jẹun. Bí ooru bá mú un, á la ẹnu, á sì máa gbọn awọ abẹ́ ọ̀fun rẹ̀ kíákíá kí omi lè gbẹ kúrò níbẹ̀, kí ara sì tutù. Dípò ihò, ọ̀pọ̀ ojú ló fi ń ṣọ́ra. Nírọ̀lẹ́, wọ́n á rọ́ wá sórí igi kan náà láti sùn, nígbà mìíràn ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún, ìgbẹ́ wọn á sì sọ ilẹ̀ abẹ́ igi náà di funfun. Òkété ń fi àìrí pa ara rẹ̀ mọ́. Lékeléke kò bìkítà bí gbogbo ayé ń rí i, níwọ̀n ìgbà tí òun náà bá ń rí gbogbo ayé.

Oúnjẹ àti ẹ̀ẹ̀rùn

Níhìn-ín ni àfiwé náà ti dùn jù. Òkété ní àpò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì. Lóru, á rìn lọ sí abẹ́ ọ̀pẹ, sí oko ẹ̀pà, oko àgbàdo tàbí ti ẹ̀gẹ́, á kó oúnjẹ sínú àpò náà títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á fi wú, á sì lọ tú u sílẹ̀ nínú yàrá ìkóǹkanpamọ́. Èkùrọ́ pọ̀ nínú ohun tí wọ́n máa ń bá níbẹ̀. Wọ́n tún ti bá owó onírin àti àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ mìíràn tí kò ṣeé jẹ, èyí tó fi hàn pé kíkó nǹkan jọ ti wọ̀ ọ́ lára kọjá ti ebi. Àgbẹ̀ tí òkété ti hú ẹ̀gẹ́ rẹ̀ kò ní rí ẹ̀fẹ̀ kankan nínú èyí.

Lékeléke kò kó nǹkan kan pamọ́. Ohun tó bá rí lónìí ló ń jẹ lónìí: tata, ìrẹ̀, eṣinṣin, aláǹtakùn, ọ̀pọ̀lọ́, alángbá. Èrò tó gbilẹ̀ ni pé eégbọn ara màlúù ló ń tẹ̀lé kiri. Òótọ́ ni pé ó máa ń ṣá eégbọn jẹ, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni ìyẹn nínú oúnjẹ rẹ̀. Ẹsẹ̀ màlúù gan-an ló ń wá. Bí màlúù bá ń rìn, tata á máa ta dìde níwájú rẹ̀, lékeléke tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á sì mú un pẹ̀lú wàhálà tó kéré gan-an sí ti èyí tó ń dá rìn. Bí katakata ni ó ń tú ilẹ̀, lékeléke á tẹ̀ lé katakata.

Ẹni tó bá fẹ́ rí ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó wo pápá tí wọ́n dáná sun ní àkókò ọyẹ́. Lékeléke á ti tò sí etí iná, wọ́n ń gbé kòkòrò tó ń sá fún ooru mì. Ní abẹ́ ilẹ̀ kan náà, òkété wà nínú yàrá rẹ̀ lórí èkùrọ́ tó ti kó jọ, iná sì kọjá lórí rẹ̀. Ewu rẹ̀ kò sí nínú iná náà bí kò ṣe nínú ọdẹ tí yóò dé lẹ́yìn iná, nígbà tí koríko tó bo ẹnu ihò bá ti jó tán.

Bí ọdún bá yí, lékeléke á lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni í wà ní ìhà gúúsù Nàìjíríà ní ẹ̀ẹ̀rùn, tí wọ́n sì ń tẹ̀lé òjò lọ sí àríwá, níbi tí koríko tútù àti kòkòrò ti ń pọ̀ sí i. Nítorí náà, ìdáhùn òkété sí ọ̀wọ́n oúnjẹ ni àká, ti lékeléke ni ìrìn. Ẹranko ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú tí ooru lè pa kò lè rin ìrìn ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà; ẹyẹ tó gbọ́dọ̀ fúyẹ́ kí ó tó lè fò kò lè máa gbé àká kiri.

Funfun lékeléke

Nínú ìwúre àwọn àgbà, aró ni wọ́n ń so pọ̀ mọ́ agbe, osùn mọ́ àlùkò, ẹfun mọ́ lékeléke. Funfun yìí ló jẹ́ kí wọ́n máa ka lékeléke sí ẹyẹ Ọbàtálá. Òkété ní tirẹ̀ kò rí irú ojú rere bẹ́ẹ̀. Ìtàn kan wà nínú Ifá tó fi í hàn bí ọ̀dàlẹ̀. Olùkọ́ kò ní láti bá ìtàn jà. Ó tó kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé ìwà ọmọlúwàbí ni ìtàn ń fi ẹranko kọ́ni, àti pé gbígbé inú òkùnkùn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ òkété.

Ohun kan wà nínú funfun náà tí kò hàn sí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Lékeléke kì í funfun látòkèdélẹ̀ jálẹ̀ ọdún. Bí àkókò ìbímọ bá súnmọ́, ìyẹ́ tó ní àwọ̀ bí ti ọsàn tó pọ́n máa ń jáde sí orí, àyà àti ẹ̀yìn rẹ̀, àgógó àti ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì pọ́n sí i. Àkókò yìí bá ìbẹ̀rẹ̀ òjò mu, nígbà tí ọ̀pọ̀ wọn ti ń palẹ̀ mọ́ láti lọ. Láàárín ẹ̀ẹ̀rùn tí wọ́n pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa, aṣọ funfun nìkan ni wọ́n ń wọ̀. Ohun tí àwọn baba ńlá rí gan-an ni wọ́n fi ṣe ìwúre.

Ọmọ títọ́

Abo òkété ń lóyún fún nǹkan bí oṣù kan, ó sì lè bí ọmọ kan sí márùn-ún lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á di ojú, wọn kò sì ní irun. Ìyá nìkan ló ń tọ́ wọn. Ó lè bí lẹ́ẹ̀mélòó kan lọ́dún. Ìrọ̀rùn bíbí yìí wà lára ohun tó mú kí S. S. Ajayi ní Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí sísin òkété nínú ilé ní àwọn ọdún 1970, kí ẹran má baà wọ́n, kí a sì dín pípa ti inú igbó kù.

Takọtabo lékeléke ló ń pín ẹyin sísàba láàárín ara wọn, fún nǹkan bí ọjọ́ 23. Wọn kì í pa gbogbo ẹyin lọ́jọ́ kan náà, nítorí náà àkọ́bí máa ń tóbi ju àbíkẹ́yìn lọ. Bí oúnjẹ kò bá tó, àbíkẹ́yìn ni ebi ń pa kú. Ọ̀rọ̀ yìí le létí ọmọdé, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a fi pamọ́ fún wọn.

Bí àwọn méjèèjì ṣe dé Amẹ́ríkà

Lékeléke fi ìyẹ́ ara rẹ̀ sọdá òkun Àtìláńtíìkì. Láti nǹkan bí ọdún 1877 ni wọ́n ti rí i ní àríwá Gúúsù Amẹ́ríkà, ní agbègbè Suriname. Wọ́n rí i ní Florida ní ọdún 1941, ó sì ti ń pamọ níbẹ̀ ní ọdún 1953. Ní Brazil, ọdún 1964 ni wọ́n ṣe àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní erékùṣù Marajó. Bí àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bahia bá rí ẹyẹ funfun níbẹ̀, ìbátan lékeléke ni wọ́n rí. Igbó tí wọ́n gé di pápá màlúù ló pèsè àyè fún un.

Òkété náà dé Florida, ṣùgbọ́n ènìyàn ló gbé e lọ. Ní nǹkan bí ọdún 1999, àwọn tí wọ́n ń sìn bọ́ sínú igbó ní erékùṣù Grassy Key, wọ́n sì ń bí sí i. Láti ọdún 2007 ni ìjọba ti ń sapá láti pa wọ́n run. Èyí tó burú jù ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2003, nígbà tí wọ́n kó àwọn ẹranko láti Ghana lọ sí Texas fún títà. Òkété wà nínú wọn, pẹ̀lú ọ̀kẹ́rẹ́ àti eku mìíràn. Àrùn tí a ń pè ní mpox lónìí ti ara wọn ran àwọn ẹranko kékeré ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n kó wọn tì, ó sì ran ènìyàn 47. Kò sí ẹni tó kú nínú wọn.

Ohun tó kan olùkọ́

Ìtàn yìí mú ọ̀rọ̀ dé ilé. Ibà Lassa, tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ọdún 1969 ní ìlú Lassa ní ìpínlẹ̀ Borno, ń pa ènìyàn ní ìpínlẹ̀ Ondo àti Edo lọ́dọọdún. Eku kékeré kan, Mastomys natalensis, tó máa ń wọ ilé jẹ oúnjẹ, ni olórí ẹni tó ń gbé e kiri. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ lórí gààrí àti àgbàdo tí a kò bò ló ń kó o ran ènìyàn, bẹ́ẹ̀ náà ni pípa á fún jíjẹ. Òkété kọ́ ni eku yìí, ó sì yẹ kí ọmọ iléèwé lè fi ìyàtọ̀ wọn hàn. Síbẹ̀, ìrírí ọdún 2003 fi hàn pé òkété náà lè ní àrùn lára, nítorí náà ẹni tó bá ń kùn ún gbọ́dọ̀ ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí ó fọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ, kí ó sì sè é jiná. Oògùn olóró tí àwọn kan ń dà sí ẹnu ihò tún léwu ju àrùn lọ: ẹran tí wọ́n fi pa ń dé ọjà, kòkòrò tó bá jẹ nínú rẹ̀ sì ń dé ọ̀fun lékeléke.

Olùkọ́ tó bá fẹ́ fi àwọn ẹ̀dá méjì yìí ṣe ẹ̀kọ́ kò nílò owó. Ọdẹ kan ní àdúgbò lè wá sọ bí ihò ṣe rí, kí àwọn ọmọ sì yà á. Fún lékeléke, ìwé àkọsílẹ̀ kan péré ti tó, tí kíláàsì kan á máa fi lé ìkejì lọ́wọ́ lọ́dọọdún: ọjọ́ tí wọ́n dé, iye tí wọ́n kà, bóyá ẹ̀yìn màlúù ni wọ́n wà tàbí orí ààtàn, ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rí àwọ̀ ọsàn lórí wọn, àti ọjọ́ tí wọ́n lọ. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwé náà ní ọjọ́ tí ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ bá balẹ̀ lẹ́yìn òjò.